Ìyá mi, oòrùn, àti ẹja Ìyá Súlè

Ìyá mi dójú tì mí níwájú dókítà lónìí, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ la máa ń ti Ìbẹ̀ṣè lọ fọ ẹ̀jẹ̀ Màmá ní Ìkòròdú, torí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, dókítà ní fítámínì D wọn ti lọ sílẹ̀ jù, pé ó lè kó bá ọkàn wọn. Ó fún wọn lóògùn.

Ọ̀rọ̀ ọkàn yẹn já mi láyà. Ni mo bá ń tọ́jú Màmá bí ẹyin: inú pálọ̀, abẹ́ fáànù.

Màmá ò gbà. Tí mo bá ti yíjú pẹ́nrẹ́n, wọ́n ti wà létí ọ̀sà, wọ́n ń bá Ìyá Súlè, aládùúgbò wa, yí ẹja tó sá sóòrùn. Màá wá pariwo: "Màmá, ẹ wọlé, oòrùn yìí á pa yín."

Lónìí, èsì tuntun dé. Dókítà rẹ́rìn-ín.
"Màmá, ó ti gòkè dáadáa. Yàtọ̀ sí oògùn, kí lẹ tún ń ṣe?"
"Mo ń sá ẹja ni." Wọ́n nàka sí mi. "Ẹni tó ń lé mi wọlé nìyí."
Dókítà yíjú sí mi. "Ara máa ń rí fítámínì yẹn nínú oòrùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jáde díẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n má sì dá oògùn dúró."

Bá a ṣe délé, Màmá ní kí n gbé àga pálọ̀ lọ sétí ọ̀sà.
Mo ti gbé e.

Ta ni ìyá tiẹ̀ náà ti jàre rẹ̀ báyìí rí? Ẹ sọ tiyín, kí n má dá ìtìjú yìí jẹ.