Ètò Òṣìkà Onígọ́ọ̀mù

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ àbúrò mi, kó kọ́kọ́ pa ẹnu ẹ̀rín rẹ̀ dé. Aránbàtà ni. Ìsọ̀ rẹ̀ fara ti tèmi létí títì, níbi tí mo ti ń ta òwú àti awọ. Kò sí bàtà tó já tí kò lè mú bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ayé kò mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òṣìkà Onígọ́ọ̀mù ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Eré ló fa orúkọ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń kóra jọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Wọn á ta dáìsì, oníkálukú á di ẹlòmíràn nínú ìtàn tí wọ́n ń fẹnu hun. Onígbàjámọ̀ á di akọni tó ń fò lójú ọ̀run, télọ̀ á di akọni tí ọta ìbọn kì í wọ̀ lára. Àbúrò mi nìkan ni ọ̀tá aráyé. Ó fẹ́ da gọ́ọ̀mù sórí gbogbo àga tó wà láyé, kẹ́nikẹ́ni má lè dìde mọ́, kóun wá jọba lé wọn lórí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dán an wò nínú eré náà, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó lé gọ́ọ̀mù. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wọ́n.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi àṣà kan kún eré wọn. Bí Òṣìkà bá ti dìde tó ní, "Mo ní ètò kan," gbogbo wọn á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó ti bàjẹ́!" Wọn á wá máa lu tábìlì gbàgàgbàgà.

Mo bá a wí títí. Mo ní bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pankara, ayé á bá a fi kó ìdọ̀tí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, eré mà ni," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

Àfi bí onílẹ̀ ṣe ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wó gbogbo ìsọ̀ wa, kóun sọ ibẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Jìnnìjìnnì bá wa. Níbo la fẹ́ gbà? Àbúrò mi kò pariwo ní tirẹ̀. Ó mú okùn, ó wọn ilẹ̀ náà síwá sẹ́yìn, ó wá fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nílẹ̀ yàrá mi. Kí gbogbo ìsọ̀ sún dé ògiri ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ máa gba iwájú. Onílẹ̀ á rí ibi tó ń wá, àwọn tó bá gbé ọkọ̀ síbẹ̀ á sì di oníbàárà wa. Mo wò ó títí, n kò rí ibi tó kù sí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe gbogbo àwa onísọ̀ sí ìpàdé, aṣojú onílẹ̀ ní ọjọ́ náà lòun máa parí ọ̀rọ̀. Àbúrò mi de bọ́tìnì dé ọrùn. Ó dìde, ó tún ọ̀fun ṣe.

"Mo ní ètò kan."

"Ó ti bàjẹ́!"

Onígbàjámọ̀ àti télọ̀ ni, lẹ́yìn wa níbẹ̀. Wọn ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀ ìsọ̀ tiwọn náà wà nínú èyí tí wọ́n fẹ́ wó! Gbogbo ìjókòó bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi dúró, ó ń retí kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Bó ṣe tún la ẹnu, ẹnì kan ní, "Ẹ ṣọ́ àga yín o!" Aṣojú onílẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ gidi. Àbúrò mi ti jókòó. Èmi ni mo dìde, ṣùgbọ́n inú ń bí mi ju kí n lè sọ̀rọ̀ lọ. Mo sọ ètò náà lódìlódì, ọkùnrin náà sì gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n wó ibẹ̀. Ìloro ilé mi, níbi tí ẹsẹ̀ èrò kì í dé, ni àbúrò mi ń jókòó sí báyìí. Lọ́jọ́ kan, onígbàjámọ̀ gbé bàtà wá fún un. Mo yí bàtà náà wò, kò já níbì kankan. Àbúrò mi gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.

"Kí lètò yẹn gan-an?" onígbàjámọ̀ béèrè.

Àbúrò mi sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Onígbàjámọ̀ káwọ́ lérí.

"Kí ló wá dé tí o ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

Àbúrò mi já òwú.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín," ó ní.