Pèpéle tí Mo Kàn fún Àwọn Onírọ́ọ̀kì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ò tíì dé ibi tí wọ́n ń há kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, mo ti fi ojú ara mi wo eré rọ́ọ̀kì ní abúlé wa lẹ́bàá Ẹgbẹ́dá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé inú fóònù lẹ ti ń wo olórin, ẹ jókòó kí n sọ̀rọ̀. Kíláàsì mẹ́rin ni mo ka ìwé dé, mo fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti eré orí pápá, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè kọ́ mi ní nǹkan kan.

Bàbá oníkòkó kan wà ní abúlé wa, òun nìkan ló nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó rán ọmọ rẹ̀ lọ sí yunifásítì pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ọmọ náà kọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n jìtá ló kọ́kọ́ gbé wálé. Jìtá yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn oníjùjú ń ta fún wa. Wáyà wà nídìí rẹ̀ tó lọ sínú àpótí ńlá kan, àpótí náà sì ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Tó bá fọwọ́ kan okùn rẹ̀ báyìí, igbe tó máa ń ké dà bí ìgbà tí ayùn ńlá bá wọ inú ìtì igi tútù. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará ìgboro máa ń wá ṣeré fún wa lọ́dọọdún ní ọjọ́ kejì Iléyá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, lórí pápá ilé ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà abúlé máa ń sọ pé ariwo lásán ni, pé ó ń dẹ́rù ba àwọn ewúrẹ́ tó ṣẹ́kù. Àwọn yìí kan náà ló máa ń tètè gbé àga wọn wá síwájú.

Orí igi máńgòrò ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó. Ọmọ oníkòkó yìí dúró sórí ẹ̀yìn lọ́rì bàbá rẹ̀, ó wọ bàtà gogoro kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn tó búlọ́ọ̀kù, irun orí rẹ̀ sì rí bí odindi igbó. Nígbà tí orin gbóná, ó fò sókè, gbogbo pápá sì hó. Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi sí ọkùnrin yẹn. Ẹ má bi mí pé kí ló fi ṣe mí. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Gbogbo ojú tó wà lórí pápá ló ń wò ó, èmi wà lórí igi, kò sì sí ẹni tó wò mí, títí kan ìyá tó bí mi.

Nígbà tí mo dàgbà, mo lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n débi pé tí mo bá fá pákó tán, eṣinṣin á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀gá mi kì í yìn mí lójú mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n máa ń yìn mí lẹ́yìn. Ìyá kan tó ń yan gaàrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa, ó sì ní ọmọbìnrin kan. Mo gbẹ́ àpótí ìjókòó fún ọmọbìnrin yìí. Mo tún ilẹ̀kùn wọn tó bàjẹ́ ṣe, mo sì tún èyí tí kò bàjẹ́ ṣe pẹ̀lú.

Iléyá ọdún kan ń bọ̀, mo gbọ́ pé ọmọbìnrin náà ti rán aṣọ tuntun sílẹ̀ de eré rọ́ọ̀kì. Mo lọ bá a nídìí agbada gaàrí.

Mo ní, "Kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀?"

Ó ní, "Ẹni tí mo fẹ́ lọ wò."

"Ta ni?"

"Ṣé ìwọ ni ìyá mi ni?"

Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe oníbàtà gogoro? Ó ti di lọ́yà nígbà náà, síbẹ̀ kò fi jìtá sílẹ̀, kò sì fi bàtà sílẹ̀.

Ọdún náà gan-an ni lọ́rì bàbá rẹ̀ kọṣẹ́, àwọn ará ilé bàbá náà wá bẹ ọ̀gá mi pé kí wọ́n kan pèpéle tí olórin á dúró lé. Ẹ̀yìn ń dun ọ̀gá mi, wọ́n ní kí n lọ ṣe é. Bí wọ́n ṣe ní kí n fi ọwọ́ ara mi kan ibi tí ọkùnrin yẹn máa dúró lé kí gbogbo ayé lè rí i nìyẹn, níṣojú ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́.

Mo kàn án. Nígbà tí mo dé pákó àárín, mo dúró. Ìṣó wà láàárín eyín mi, òòlù wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa fò sí, nítorí ọdọọdún ni mò ń wò ó. Bí mo bá kàn fi ìṣó díẹ̀ pamọ́ sápò, bàtà gogoro á wọlé, lọ́yà á nà gbalaja níwájú ìyá àti bàbá rẹ̀. Mo rò ó dáadáa, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní pákó tí èmi kàn já. Èmi? Mo kan gbogbo ìṣó tó wà lẹ́nu mi mọ́ pákó yẹn. Bí erin bá fò lé e, erin ni ẹsẹ̀ á máa dùn.

Nígbà tí wọ́n dé, oníjìtá kò kí mi. Ó fi bàtà lu pákó kó kó, ó ní, "Ṣé èyí á gbé wa?"

Mo ní, "Á gbé yín, á sì gbé bàtà yín."

Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti máa lu ìlù. Èyí dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n káfíńtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ìjókòó mi sókè díẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń wà, èèyàn kankan kì í rí mi."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ọmọ tó mọ àgbà níyì. Mo wá ìrókò tó ṣẹ́kù, mo kan pèpéle kékeré kan fún ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìn pèpéle ńlá, mo fá a dán, mo tún fi pépà họ etí rẹ̀ kó má baà ya á láṣọ. Ó dúpẹ́ títí, ó ní Ọlọ́run á fún mi ní ìyàwó rere. Mo ṣe àmín.

Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, oníjìtá fò, pákó kò mì. Àwọn ènìyàn hó. Ṣùgbọ́n èmi ò wo eré. Ojú ọmọbìnrin tó ń yan gaàrí ni mò ń wò. Ó dúró níwájú pátápátá, ó na ọrùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń sọ ohun dídùn fún. Kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí, kò sì tíì wò mí bẹ́ẹ̀ títí di òní. Lẹ́yìn eré, ó bá mi níbi tí mo ti ń tú pákó, ó ní, "Ṣé ìwọ lo kan gbogbo rẹ̀?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "O mọṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló di ìgbéyàwó.

Mo fẹ́ ẹ tán, ọkàn mi ò balẹ̀. Ibikíbi tí oníjìtá bá ti ń ṣeré, ní Ìbàdàn, ní Lágelú, ní Olódò, èmi fúnra mi ni mo máa ń mú ìyàwó mi lọ, kí n lè rí ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lọ síbi eré rọ́ọ̀kì tó mi ní gbogbo agbègbè yìí, ẹ̀gbẹ́ ojú ìyàwó mi sì ni mo mọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo tilẹ̀ ra irú bàtà gogoro yẹn. Mo wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí gíga mi, mo dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, mo bọ́ ọ, mo tún kúrú padà.

Iléyá tó kọjá yìí, wọ́n ní oníjìtá ń bọ̀ ní Olódò. Mo mú ìyàwó mi lọ. Ẹ ò rí i. Igbó orí ti pá, bàtà ti di sálúbàtà, orí àga ló jókòó sí tó fi ta jìtá, ẹnì kan ló sì fà á dìde nígbà tó parí. Ìyàwó mi ń jẹ gúgúrú, ó ń wo ibòmíràn. Inú mi dùn débi pé mo ra gúgúrú mìíràn fún un.

Nígbà tí a délé, mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Ọkùnrin rẹ ti darúgbó o."

"Ọkùnrin mi wo?"

"Oníjìtá. Ẹni tí ò ń la ẹnu wò nígbà tí o wà lọ́mọge."

Ó wò mí. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ta ló ń wo oníbàtà yẹn? Ẹni tó ń lu ìlù ni mò ń wò. Ẹni tó jókòó sókè lẹ́yìn wọn yẹn."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ojú ọmọkùnrin yẹn nínú orí mi, mi ò rí i. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣọ́ oníjìtá, mi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìrókò yẹn nìkan ni mò ń rántí, bó ṣe dán tó. Iṣẹ́ tó dára ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e sókè.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Pèpéle ti di irin tí wọ́n ń háyà, kò sí káfíńtà nínú rẹ̀ mọ́. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹnì kan bá fẹ́ gba ojú ìyàwó rẹ, orí pápá ni wàá ti rí i, wàá mọ bàtà tó wọ̀. Nísinsìnyí àwọn ọmọ wa ti ra nǹkan tí wọ́n ń fi sétí fún ìyá wọn, ó ń yan gaàrí, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí mi ò rí. Lánàá mo bi í pé ta ló ń kọrin fún un. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni ìyá mi ni?"

Mo sún mọ́ ọn, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ bu gaàrí wò, mo gbé etí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Mi ò gbọ́ jìtá. Mi ò gbọ́ ohùn olórin. Ìlù nìkan ni mo gbọ́.