Nígbà tí Wọ́n Ta Ilé Iṣẹ́ Alágbàtà Wa

Òórùn oògùn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi láràárọ̀ níbi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́. Yàrá méjì péré ni ilé iṣẹ́ náà ní ní Kútọnu, lókè ilé ìtajà oògùn kan. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ló dá a sílẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹni tí kì í wọ báńkì lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ ra ìpín nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, kí àwa sì jẹ́ alágbàtà láàárín wọn. Àwa mẹ́rin la bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé mo gbọ́ Yorùbá, Gùn àti Faransé, ọ̀gá ní kí n padà sí Adja-Ouèrè, ìlú mi, kí n lọ máa wá oníbàárà.

Mo rò pé mo ti di ènìyàn pàtàkì. Mo máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn, mo sì ń sọ Faransé tí ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ní Massè, ìlú kan nítòsí wa, mo fi odindi òwúrọ̀ kan ṣàlàyé ohun tí ìpín jẹ́ fún adẹ́mu kan. Nígbà tí mo parí, ó bi mí bóyá ìpín yìí máa ń sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ọ̀pẹ ṣe ń sun ẹmu. Obìnrin kan tó ń fún epo pupa, tí òun àti ìyá mi jọ ń lọ sí ìjọ Sẹ̀lẹ́, ló kọ́kọ́ rà. Ìgbà tí àwọn ènìyàn rí i pé ó rà ni àwọn náà tẹ̀ lé e, títí dé Oko-Akarè.

Ní ọdún kẹta, ilé iṣẹ́ wa kó lọ sí ilé onígíláàsì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ̀gá pè wá jọ, ó sọ pé òun ti ta á fún ilé iṣẹ́ ńlá kan láti òkè òkun, pé agbára òun kò gbé e mọ́. Àwọn tó rà á yí orúkọ padà, wọ́n yí àwọ̀ padà, wọ́n pààrọ̀ ohun tí à ń lò lórí fóònù. Wọ́n ní kí gbogbo oníbàárà fi káàdì ìdánimọ̀ forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun kí oṣù tó parí, ní Faransé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn yóò ti ìwé ìpín wọn pa. Wọ́n dá àwọn aṣojú ìgbèríko dúró. Wọ́n fún èmi ní àga kan ní ọ́fíìsì wọn ní Kútọnu.

Ní Adja-Ouèrè, wọ́n ti ń sọ pé mo ti kówó wọn sá lọ. Ìyá mi ò jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Nígbà tí mo wálé, obìnrin elépo náà wá bá mi, ó gbé fóònù rẹ̀ sí iwájú mi.

“Ọmọ mi, orúkọ tí mo mọ̀ kò sí níbí mọ́. Ta ni nǹkan mi wà lọ́wọ́ rẹ̀?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ilé iṣẹ́ kan ṣe ń ra òmíràn. Ó gbọ́wọ́ sókè.

“Èyí kọ́ ni mo bi ọ́.”

Ojú tì mí. Mo sọ òótọ́ fún un. “Ìyá, mi ò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ló wà lórí ìpín náà, kì í ṣe tiwọn. Ẹ kàn ní láti forúkọ sílẹ̀ ni.”

“Ó dáa. Dìde, ká lọ bá àwọn yòókù.”

Mi ò padà sí Kútọnu. Òun ló jókòó sẹ́yìn mi lórí alùpùpù, nítorí bí wọn ò bá rí òun, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún mi. A ya fọ́tò káàdì, a mú àwọn tí kò ní káàdì lọ gbà á ní mẹ́rì, ilé ìjọba ìbílẹ̀. Oyin ti ta adẹ́mu nì, ojú rẹ̀ wú débi pé fóònù tó ń yẹ ojú wò kọ̀ láti gbà pé òun ni. Ọjọ́ méjì la fi dúró kí wíwú náà tó lọ sílẹ̀. Gbogbo wọn la rí forúkọ sílẹ̀ àfi ẹnì kan: olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìwé kíkà ti kú, orúkọ ìyàwó rẹ̀, tó yẹ kó jogún ìpín náà, kò sì bára mu nínú káàdì rẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó wọn. Ọdún kan gbáko la fi lọ sí kóòtù lórí rẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé ìyàwó náà ló ni ín.

Olùkọ́ ni mí báyìí ní Adja-Ouèrè. Wọ́n ti tún ta ilé iṣẹ́ náà, orúkọ kẹta ló ń jẹ́. Láìpẹ́ yìí, mo ka ìtàn tí wọ́n kọ nípa ara wọn lórí ẹ̀rọ ayélujára. Wọ́n ní ètò rere làwọn fi wọ ìgbèríko. Wọ́n dárúkọ ọ̀gá wa lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé yóò dùn mí, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣì ń dùn mí ni pé mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ra nǹkan, èmi fúnra mi ò sì béèrè rí ẹni tó lè tà wá.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá elépo ta ìpín tirẹ̀, ó fi ra ẹ̀rọ ìfúnpo. Ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ ni mo tó gbọ́.