Kòkó Yèyé àti Eruku Ìràwọ̀

Ṣàrà, ṣàrà, ṣàrà. Ìró ẹsẹ̀ Yèyé nínú kòkó ni. Wọn kì í gbé ẹsẹ̀ sókè. Ṣe ni wọ́n máa ń wọ́ ọ nílẹ̀, kí hóró tó wà nísàlẹ̀ lè bọ́ sókè rí oòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bàbá mi ń ṣe tíṣà ní Ìjerò, Yèyé sì ni arúgbó àgbẹ̀ tó ń gbé ilé kejì sí tiwa. Ojú sìmẹ́ńtì róbótó kan, níbi tí táńkì omi wà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ń sá kòkó sí. Láti etí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa yí po títí dé àárín. Bí wọ́n bá ṣe tán, ẹsẹ̀ wọn á ti la ọ̀nà róbótó róbótó sínú kòkó, èyí tí ẹsẹ̀ tì á sì ga bí ebè kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà. Òórùn kòkó tó ti kan á gba gbogbo àdúgbò. Èmi fẹ́ràn òórùn yẹn. Ìyá mi ní ẹ̀fọ́rí ló ń fún òun.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun lónìí kò jìnnà sí ti Yèyé. Eruku ni mò ń wò. Ìràwọ̀ tí kò tíì pẹ́ láyé máa ń ní eruku yí ká, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, tó sì ń yí. Inú eruku yẹn ni ayé bíi tiwa yìí ti ń di ayé díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí a fi ń wo ojú ọ̀run ti yà á hàn wá: ọ̀nà róbótó nínú eruku, ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn ihò gbayawu láàárín. Ohun tó gbá eruku kúrò níbẹ̀ ni gbogbo wa ń wá. A sábà máa ń rò pé ayé tuntun kan ló ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Yèyé ní kí n bá àwọn ṣọ́ kòkó nítorí ewúrẹ́, àwọn ń lọ sípàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó, oorun sì gbé mi lọ. Nígbà tí mo máa lajú, wọ́n ti dúró lé mi lórí. Àárín kòkó ti ṣófo, sìmẹ́ńtì lásán, ó fẹ̀ tó ọpọ́n ìfọṣọ.

"Níbo lo kó o sí?"

"Yèyé, mi ò kó nǹkan kan. Mo sùn ni."

"Urọ́ ni! Ọmọ tíṣà ti dolè!"

Obìnrin mẹ́ta tí àwọn àti Yèyé jọ ti ìpàdé bọ̀ gbọ́ ọ. Ẹyin lohùn. Mo sunkún wọlé, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí mo mọ̀ pé kí ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo kíláàsì wa ni yóò máa pè mí lólè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi bi mí bóyá mo mú un.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí kó kòkó wọlé nítorí ìrì. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Wọ́n ki ọwọ́ bọ etí ibi tó ṣófo yẹn, kòkó sì bo ọwọ́ wọn dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n dúró. Wọ́n fi ọwọ́ yí etí ihò náà ká. Ibi gbogbo ló ga. Kòkó kò lọ síbì kankan. Adìẹ ló tú àárín, tó ti gbogbo rẹ̀ sétí, ìyẹ́ rẹ̀ méjì ṣì wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá bu kòkó lọ, etí kì í ga. Kò sẹ́ni tó mọ èyí ju Yèyé lọ, ìbínú ni kò jẹ́ kí wọ́n wò.

Wọ́n wá sílé wa, wọ́n sọ ọ́ fún bàbá àti ìyá mi. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Yèyé di ọwọ́ mi mú.

"Kí ulẹ̀ tó ṣú, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́."

A lọ sílé àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, Yèyé á ní, "Ọmọ yìí ò jalè. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn." Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Yèyé, torí èyí lẹ ṣe rìn wá? Ọmọdé ni, á gbàgbé."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà á gbàgbé?"

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Yèyé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wọn fi ko tèmi. "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú." N ò gbọ́ kí àgbà bẹ ọmọdé rí. N ò mọ ohun tí wọ́n fi ń dáhùn, mo bá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Yèyé ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Mo ti mọ ọ̀jọ̀gbọ́n púpọ̀ lẹ́yìn wọn, n ò tíì rí ẹni tó gbójú tó wọn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kọ ọ́ síwèé pé ayé tuntun wà nínú ihò eruku ìràwọ̀ kan, mo sì sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa, níbi tí àwọn èèyàn ti pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwòrán tó hàn kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wá dé: ìràwọ̀ kan kọ́ ló wà láàárín, méjì ni, àwọn méjèèjì ló sì gbá eruku sẹ́yìn. Kò sí ayé kankan níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n dákẹ́, ẹlòmíràn á tún un ṣe. Ojú tì mí fún ọjọ́ méjì gbáko. Lọ́jọ́ kẹta, mo padà sínú gbọ̀ngàn kan náà, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo ní èmi ni mo ṣì í. Bí mo ṣe jókòó, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní òun náà ní àṣìṣe kan tí òun ti ń fi pamọ́ fún mi láti oṣù mẹ́ta.