Gúnrégé àti Àìsàn Tí Kò Sí Lára Rẹ̀

Gúnrégé ni wọ́n ń pè é ní lọ́ńdìrì tó ti ń ṣiṣẹ́, torí pé ṣòkòtò kan kì í gba abẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kọjá kí ilà ẹsẹ̀ rẹ̀ má gún régé. Àwọn oníbàárà a máa ṣàwàdà pé bí eṣinṣin bá bà lé ilà náà, á gé e lẹ́sẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ilé ló ń lọ tààrà, sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ obìnrin fún un ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti fojú wá ọmọ títí tí aráyé ti ń fi wọ́n ṣe ọ̀rọ̀ sọ.

Ilé àlejò kan wà nítòsí tó máa ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì wá fọ̀. Obìnrin tó ń kó o wá ni wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti Gúnrégé ń to aṣọ jọ nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ooru ti máa ń mú bíi ti inú ààrò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àwàdà. Àwàdà di ìfọwọ́kàn, ìfọwọ́kàn di ìfẹnukonu, ọwọ́ obìnrin náà sì wọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló mọ. Ẹnì kan pe Gúnrégé láti iwájú, ó jáde. Aṣọ ò kúrò lára ẹnikẹ́ni. Kí Ẹlẹ́rìn-ín tó délé, ó ti gbàgbé.

Gúnrégé ò gbàgbé. Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú un, kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Kò pẹ́ sígbà náà ni egbò kékeré kan yọ sí i lẹ́nu, irú èyí tí omi gbígbóná àti iyọ̀ ń lé lọ. Ó gbọ́ nínú rédíò pé àwọn àrùn ìbálòpọ̀ kan wà tó lè wà lára èèyàn fún ìgbà pípẹ́ láìfi àmì kankan hàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́lé sí i lọ́kàn. Bí ara bá ń yún un, àrùn ni. Bí ara ò bá yún un, àrùn náà ló fara pa mọ́.

Ó lọ sí ọsibítù kan tó jìnnà sí àdúgbò rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ẹ bá obìnrin náà lò pọ̀ ni?"

"Rárá o, mà."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kàn yín?"

"Rárá, mà. Ẹnu la fi kan ẹnu. Ó sì fọwọ́ pa mí láyà."

Nọ́ọ̀sì yọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó dáadáa. "Ọ̀gbẹ́ni, ewu tó wà nínú ohun tẹ́ ẹ sọ yìí kéré gan-an. Ṣùgbọ́n kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe àyẹ̀wò."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan. Gúnrégé dúpẹ́ dúpẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Kó tó dé ìkóríta tí yóò ti wọkọ̀, ọkàn rẹ̀ ti bi í pé: tó bá jẹ́ pé àyẹ̀wò náà ti yá jù, tí àrùn ò tíì hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ó padà lọ nígbà tí àkókò tí nọ́ọ̀sì dá fún un pé, èyí tó ní kò ní sí iyèméjì mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan. Ó gba ọsibítù míì lọ. Wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀ náà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ń wá ìwákúwàá á rí ìríkúrìí. Gúnrégé ń wá a lójoojúmọ́ níwájú dígí: ó ń la ẹnu, ó ń tẹ ọrùn, ó ń wo abẹ́ ahọ́n.

Nínú ilé, ó ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Nígbà tó yá, ó ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì kó ẹní lọ sí pálọ̀. Oògùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ funfun mọ́ ní lọ́ńdìrì ló wá ń fi fọ ọwọ́, títí awọ ọwọ́ fi bó, tí kò lè di áyọ́ọ̀nù mú dáadáa mọ́. Ọmọ tó fi gbogbo ayé wá, kò gbé e mọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá nawọ́ ọmọ sí i, á ní ọwọ́ òun ò mọ́.

"Bàbá ọmọ mi, kí ni mo ṣe fún yín?" ìyàwó náà bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ṣé ẹ ti ní ẹlòmíì níta ni?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń sá fún èmi àti ọmọ?"

Ó dìde lọ fọwọ́.

Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó gba ilé àlejò lọ. Ẹlẹ́rìn-ín ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Gúnrégé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì pariwo pé, "Àrùn wo lo kó ràn mí? Sọ ọ́ fún mi kí n mọ ohun tó máa pa mí!"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò tiẹ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ìgbà tó yé e, ó bú sẹ́kún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí ẹni tó ni ilé àlejò, onítọ̀hún sì ní òun ò lè gba ẹni tí wọ́n ń pè ní alárùn láyè kó máa tẹ́ ibi tí àlejò ń sùn. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló wá sí lọ́ńdìrì. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹ̀rín tó ṣíwájú rẹ̀.

"Mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò," ó ní. "Ara mi mọ́ tónítóní. Kì í ṣe nítorí rẹ ni mo ṣe lọ, nítorí ìyá mi ni. Wọ́n ti bi í léèrè lójúde pé kí ló ṣe ọmọ rẹ̀. Àwàdà la jọ ṣe, ìwọ nìkan lo wá sọ ọ́ di ọ̀ràn."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí," ni Gúnrégé wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, torí ó rí i kedere pé òun ti ba ayé ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Síbẹ̀, ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn. Ara obìnrin náà mọ́! Ó ń súfèé bó ṣe ń lọ aṣọ. Nígbà tó fi máa pa áyọ́ọ̀nù, súfèé ti dákẹ́. Ta ló mọ̀ bóyá irọ́ ló pa?

Ìròyìn ò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó. Gúnrégé jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó gbé ọmọ pọ̀n.

"Ẹnu tẹ́ ẹ fi kan ẹnu obìnrin yẹn dùn mí," ó ní, "àmọ́ ǹ bá ti dárí ẹ̀ jì yín. Ohun tí mi ò lè fara dà ni pé ọmọ yìí á máa ké sí yín, ẹ ó sì máa wò ó bí ẹni ń wo iná."

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kó lọ. Gúnrégé ò dá a dúró. Ó tiẹ̀ rò ó lọ́kàn pé ó sàn bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n Gúnrégé tó jẹ́ obìnrin ló wá fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ọkàn. "Mi ò ya wèrè o, ẹ̀gbọ́n mi," ni Gúnrégé ń wí lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ta ló sọ pé o ya wèrè? Ṣé ẹni tó ya wèrè nìkan ló ń rí dókítà ni? Máa bọ̀ jàre."

Dókítà náà tẹ́tí sí i dáadáa, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ìbẹ̀rù yìí gan-an ni àìsàn tó ń ṣe é, pé ó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn, pé oògùn wà fún un, ọ̀rọ̀ sísọ náà sì wà, ṣùgbọ́n kò ní tètè lọ.

"Dókítà," ni Gúnrégé wí, "tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ sọ pé àrùn náà wà lára mi, ṣé ẹ mọ̀ pé màá lè sùn?"

Dókítà mi orí. "Mo mọ̀," ó ní.

Ó ń lo oògùn náà. Nígbà míì, ó máa ń kúrò nídìí omi láìtún ọwọ́ fọ̀. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, á padà sídìí rẹ̀ títí ara á fi ta á. Ẹlẹ́rìn-ín ti kó lọ sí ìlú míì, kò sì sẹ́ni tó mọ ibẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ló lọ wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti ń rìn. Ó ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́ wá bá a, ó na bisikíìtì tó ti fi itọ́ rin sí i. Gúnrégé gbà á. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun gé e jẹ, kí òun ní ó dùn, kí òun gbé ọmọ náà sókè. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò ó. Gúnrégé di bisikíìtì náà mú títí ó fi rún sí i lọ́wọ́.

"Ẹ máa lọ kí òjò tó dé," ni ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tó yá, ó sì wá gbé ọmọ rẹ̀.