Fíìmù Súwídìn Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá Mi

Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ló gbé bàbá mi dé Súwídìn. Níbẹ̀ ni opó kan tó gbà á sílé ti fún un ní fíìmù àtijọ́ kan nínú agolo, ti ìgbà tí fíìmù kò tíì máa sọ̀rọ̀. Ìtàn ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ lóko ni. Ọmọ olóko fún un lóyún, wọ́n sì lé e síta nínú òtútù. Ní fúláàtì wa ní Festac, bàbá mi a máa fi ẹ̀rọ tàn án sára ògiri, a sì máa fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n ń sọ. Tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń lé ọmọbìnrin náà, ìyá mi á ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kó sùn sílé lónìí, ẹ jọ̀ọ́."

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ikú bàbá, mo dé láti ṣọ́ọ̀bù mi ní Apple Junction, mo bá kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó fíìmù náà sí lófìfo. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi:

"Ẹ̀gbọ́n, fíìmù bàbá dà?"

"Mo ti fún òyìnbó kan. Ó rí àwòrán agolo ẹ̀ tí mo gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní irú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé."

"Ẹ ò sì bi mí?"

"Ṣé ìwọ nìkan ni bàbá bí ni?"

Kẹ̀kẹ́ ni mo wọ̀ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀gbọ́n mi ní òyìnbó náà dé sí. Kò bá mi jà. Ó kàn ṣí agolo náà, òórùn kíkan bíi ti fínígà sì gbá mi nímú. Ó ní ooru wa ti ń jẹ ẹ́, àfi kó lọ sí yàrá tútù kó má baà bàjẹ́ tán. Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló tún dá kún ìbínú mi.

"Ó dáa," mo ní, "wá sílé, ká jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ bàbá mi ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Rárá o! Á já. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tàn án mọ́."

"Ìwọ náà ò ní wò ó?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kó sáà ti wà lọ́wọ́ òun, àwọn tó ń kó irú ẹ̀ jọ bíi tòun yóò jowú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn náà fún un bí bàbá mi ṣe ń sọ ọ́. N kò tíì dé ìdajì tó fi wo aago.

"Èèyàn lo fẹ́ lọ tì mọ́ inú òtútù yẹn!" Mo pariwo débi tí àwọn èèyàn fi yọjú láti yàrá kejì.

Ó gbé e lọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kì í kí ara wa ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní kí n dárí ji àwọn. N kò tíì lè ṣe é.