Ohun Tí Mi Ò Sọ Nílé Àlejò Ìkẹ́rẹ́

"Ẹ kọ́kọ́ ṣí ilé ìwẹ̀ wọn wò kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn o!" Ìkìlọ̀ tí olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa ṣe nìyẹn lóṣù tó kọjá, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó kéékèèké sọ pé òun àti ọmọ òun fẹ́ bá ọkọ òun lọ sí ìrìn àjò iṣẹ́, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì máa sùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, kálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá tirẹ̀ sí i. Ẹnì kan ní kí ó tú aṣọ ibùsùn wò. Ẹlòmíràn ní kí ó má jẹun níbi tí àwọn awakọ̀ kò bá ti ń jẹun. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kà sílẹ̀ yẹn ni mo ti ṣe kí wọ́n tó bí ìyàwó náà, mo sì ṣe é pé pérépéré, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí ọmọ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò nìyẹn.

Mo rántí ìgbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí èmi àti ọkọ mi ń gbé Ìbàdàn. Akọ̀wé ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Iṣẹ́ ọkọ mi ni láti máa ta ohun èlò sáyẹ́ǹsì fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún ló máa ń wa ọkọ̀ lọ sí ìhà Èkìtì. Á fi Ìkẹ́rẹ́ ṣe ibùdó, á lọ sí Ìsẹ̀ lónìí, á lọ sí Ẹmùrẹ́ lọ́la. Mi ò bá a lọ rí títí ọmọbìnrin wa fi pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọdún yẹn ni ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ náà. Ẹni tí kò bá rí i rí kò lè mọ bó ṣe rí: àyà ọmọ á máa han bíi fèrè, ọ̀fun rẹ̀ á máa jìn wọlé bó ṣe ń fa èémí, á sì tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ìyá ló gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ òun. Lọ́jọ́ kan tí ó mú un, Ẹmùrẹ́ ni ọkọ mi àti ọkọ̀ wa wà. Mo gbé ọmọ sáré ẹsẹ̀ dé títì kí n tó rí ẹni gbé wa dé ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ pé ibi tí ọkọ̀ bá ń lọ, èmi àti ọmọ ń lọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, mo ti di ẹrù.

Dókítà ti sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: èéfín, eruku, òórùn ọ̀dà, lọ́fínńdà, oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fín. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi pè mí sí kọ̀rọ̀. "Ìyàwó mi, obìnrin ni ọmọ yìí o. Àwọn tó máa wá tọrọ rẹ̀ lọ́la kò gbọdọ̀ gbọ́ pé kì í mí délẹ̀. Ikọ́ ni kí o máa pè é. Ikọ́ lásán." Mo gbà. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, inú ìfẹ́ ló sì ti wá. Ẹ wo bí orí mi ṣe rí nígbà náà: ọmọ kò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì, mo ti ń sá fún àna rẹ̀.

Ìlawẹ̀ ni ìyá mi ń gbé, kò sì jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́. Ilé rẹ̀ ló yẹ kí a wọ̀. Ṣùgbọ́n igi ló fi ń dáná, ilé ìdáná rẹ̀ sì fara ti yàrá tí a máa sùn, tó bẹ́ẹ̀ tí èéfín ti sọ àjà di dúdú. Mi ò lè sọ ìdí tí a ò fi lè sùn níbẹ̀, torí náà mo ní iṣẹ́ ọkọ mi ló fẹ́ kí a wà ní Ìkẹ́rẹ́. Ìyá mi wò mí títí. "Ulé mi ti dọ̀tí lójú rẹ, àbí?" ni ó wí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ bínú bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn sọ mí ní Ìyá Òtẹ́ẹ̀lì. Bí mo bá ti yọ lọ́nà, wọ́n á ní, "Ìyá Òtẹ́ẹ̀lì dé! Ẹ gbé àga tó mọ́ fún un o!" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ orúkọ yẹn ń ta mí lára. Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá ní obìnrin kan wà ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹnikẹ́ni kì í bá wọn parí gbólóhùn ọ̀hún: aṣẹ́wó ni wọ́n kà á sí.

Orúkọ yẹn náà ló ṣe mí léṣe nígbà tí a dé Ìkẹ́rẹ́ ní ìsinmi kan, tí kò sí àyè mọ́ níbi tí a máa ń wọ̀. Ibi mẹ́ta ni a yà wò. Wọ́n kọ òtẹ́ẹ̀lì gàdàgbà síwájú èyí àkọ́kọ́. Fèrèsé rẹ̀ gbòòrò, nẹ́ẹ̀tì wà lójú gbogbo wọn, kò sí ohun tí ọmọ mi nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mi ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ní ibi kejì, òórùn ọ̀dà pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Gẹ́sítì háòsì ni wọ́n pe ẹ̀kẹta, opó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló ni ín, Bíbélì wà lórí tábìlì rẹ̀. Ọkàn mi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Mo yọ ìwé mi jáde, ìbéèrè mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Ọjọ́ wo ni wọ́n fọ aṣọ ibùsùn? Kànga ni omi ti wá ni àbí ẹ̀rọ? Apá ibo ni ilé ìdáná wà sí fèrèsé? Ta ló sùn síbí kẹ́yìn?

"Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ni," ni ìyá náà fèsì. "Kò sì kú síbẹ̀."

Ọkọ mi ní, "Ẹ má bínú, mà. Ìyàwó mi fẹ́ ra ilé yín ni."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó wá wo ọmọ mi láti òkè délẹ̀ bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tuntun ní kíláàsì. Ó ní, "Iye ọmọ," bí àwọn ará Èkìtì ṣe ń pe ìyá ọmọ, "ẹ ti bi mí léèrè tó. Èmi náà á bi yín. Ṣé kò sí nǹkan kan tó yẹ kí n mọ̀ nípa ọmọ yìí?"

Títí di òní ni mo ń gbọ́ ìbéèrè náà. Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún mi yẹn, èmi ni mo tì í. "Kò sí o, mà. Ẹ̀fọn nìkan ni kò bá a lára mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rí i pé ẹyọ kan ò wọ yàrá yìí." Ti ẹ̀fọn kì í ṣe irọ́, ibà máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò bi í ní ohun tí ó fi ń pa ẹ̀fọn. Bí mo bá bi í, yóò fẹ́ mọ ìdí. Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ní tèmi, ìbéèrè mẹ́tàdínlógún ni mo kó síta, ohun tó ń dùn mí gan-an ni kò sí níbẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo tún ń wá ibi tí a máa jẹun. Mo máa ń lọ sí ẹ̀yìn búkà kí n tó jókòó, láti wo ibi tí èéfín ń fẹ́ sí àti bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́. Ní ọjọ́ kejì, olóúnjẹ kan ká mi mọ́ ìdí àgbá omi rẹ̀ níbi tí mo ti ń yọjú wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé iyán lẹ fẹ́ jẹ ni, àbí wolé-wolé ni ìjọba fi yín ṣe?"

Awakọ̀ kan tó ń jẹun lọ́wọ́ la ẹnu rẹ̀ gbàgà. "Mọ́mì, ẹ bá mi wo eyín tèmi náà!" Gbogbo búkà bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo yan bẹ́ǹṣì tó jìnnà sí èéfín, mo sì bu ọbẹ̀ ọmọ fúnra mi. Iyán náà dára. Ọmọ jẹun yó, ó ń kọrin nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà bọ̀. Oòrùn ṣì wà lórí òrùlé nígbà tí a dé.

Ìyá onílé dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí ó ti ṣí ilẹ̀kùn ni ọmọ sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bẹ́ sórí ibùsùn. "Lẹ́ẹ̀mejì ni mo fín in," ni ìyá náà wí. "Mo ti gbogbo fèrèsé pa láti ọ̀sán kí ó lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Ẹ ò ní gbọ́ ohùn ẹ̀fọn kan lónìí." Òórùn oògùn náà ti gbá mi nímú kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo sáré wọlé, mo gbé ọmọ jáde, àmọ́ ó ti fa èyí tó fà. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í han. Mo fún un ní oògùn olómi tó wà nínú báàgì mi, ó pọ̀ ọ́ dà nù. Ètè rẹ̀ ń dúdú.

"Kí ló ń ṣe ọmọ?" ni ìyá náà kígbe.

"Ikọ́ ni, mà. Ikọ́ lásán ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tí mo sọ nìyẹn. Ọmọ ń kú lọ lápá mi, mo ṣì ń bo àṣírí.

Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó fi etí lé e lẹ́yìn. Ó ti ń fi "ẹ" pè mí láti àná, ṣùgbọ́n níbi tí ó bínú dé, "o" ilé wa, tí àwa ará Èkìtì ń lò fún ọmọdé àti àgbà, ló jáde. "Ikọ́ lásán wo? Ikọ́ fée rèé! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ó gbé ọmọ jókòó ṣánṣán lórí itan rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó dojú rẹ̀ kọ atẹ́gùn, ó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ mi títí a fi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ní ilé ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì béèrè iye ìgbà tí àìsàn náà ti wà lára ọmọ. Ọkọ mi ló ní, "Ó ti pé ọdún kan." Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Mo rìn láti ògiri dé ògiri, mò ń ka èémí rẹ̀, mo gbàgbé iye rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kí híhan náà tó rọlẹ̀, kí ó tó béèrè omi.

Ìyá onílé kò pariwo mọ́ mi mọ́. Ó kàn sọ pé, "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ṣé ẹ rò pé ọmọ yín ni yóò kọ́kọ́ ní in? Bí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, n kì bá tí fọwọ́ kan oògùn yẹn." Ó wá fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú. Èmi ni mo ṣẹ̀, òun ni ẹ̀rí ọkàn ń dà láàmú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ sí Ìlawẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó bojú wo ilé ìdáná rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èéfín lo ń sá fún. Mo rò pé èmi ni." Kí oṣù náà tó parí, ó ti gbé ààrò lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, ibẹ̀ ló sì ti ń dáná títí ó fi kú. Kò tún sí ìgbà tí a lọ sí Èkìtì tí a ò sùn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ náà ti di ìyá ọmọ báyìí. Mo ṣì máa ń ṣí ilé ìwẹ̀ wò, mo ṣì ń yọjú sí ẹ̀yìn búkà, àwọn ọmọ mi sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n lè máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo mọ̀ báyìí pé ẹni tó bi ayé ní ìbéèrè mẹ́tàdínlógún lè máa sá fún ìdáhùn kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún wọn.

Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ka èyí. Ẹni tí ọmọ yín bá máa sùn sílé rẹ̀, tàbí tí yóò bu oúnjẹ fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àìsàn ọmọ náà lórúkọ fún un kí ẹ tó sọ ẹrù kalẹ̀.